Mẹ́dàlì bàbá àgbà ọkọ mi, sítíwọ́ọ̀dù nínú ọkọ̀ ogun destroyer: ẹ bá mi dá sí i

ÌyáÌbejì_Kent
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó ti bá nẹ́fì ṣiṣẹ́ pọ̀ níbí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ mi mọ ìdílé bàbá wọn bí wọ́n ṣe mọ tèmi. Òyìnbó lọkọ mi, bàbá tó bí bàbá ẹ̀ ló lọ sógun Hítílà. Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kó páálí pẹlẹbẹ kan fún wa, mẹ́dàlì mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, méjì jẹ́ ìràwọ̀, wọ́n kọ 1939-45 Star sára ọ̀kan, Atlantic Star sára èkejì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà lórí ríbọ́ọ̀nù èyí Atlantic yẹn tí wọ́n kọ France and Germany sí, ẹ̀kẹta rí roboto, kìnnìún ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Mo yí gbogbo ẹ̀ síwá sẹ́yìn, n ò rí orúkọ ẹnikẹ́ni. Fọ́tò kan wà níbẹ̀ tó ti wọ kóòtù àti táì pẹ̀lú fìlà tó níwájú dídán, ìyẹn ni gbogbo ẹbí fi ń sọ pé ọ́físà ni bàbá, àmọ́ ìwé pélébé kan nínú páálí yẹn kọ Steward, HMS Onslow, nọ́ńbà ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LX, lẹ́tà tó ṣáájú ẹ̀ ti parẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká kúkú tà á. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé tiẹ̀ ni, ṣé ó ku èyí tí ìjọba ò tíì fún un, kí sì ni sítíwọ́ọ̀dù tiẹ̀ ń ṣe nínú ọkọ̀ ogun ná, ṣé kó sáà máa bu oúnjẹ fáwọn ọ̀gá ni?

BàbáTáíwò_Portsmouth
Ìyàwó wa, ẹ kú oríire páálí. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ fọ́tò. Kóòtù àti táì kì í ṣe ti ọ́físà nìkan. Nínú nẹ́fì Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, àwọn atukọ̀ àti oníbọn ló ń wọ ẹ̀wù ọlọ́rùn gbàgbàdà pẹ̀lú ṣòkòtò ẹlẹ́nu fífẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, àmọ́ sítíwọ́ọ̀dù, kúùkù, akọ̀wé àtàwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, kóòtù, táì àti irú fìlà yẹn ni wọ́n fún wọn. Ẹ wo ọrùn ọwọ́ kóòtù yẹn dáadáa, ọ́físà máa ní ìlà góòlù tó yí i po, tí ò bá ti sí, ẹ wá wo apá ọ̀tún lókè, bóyá ẹ máa rí ìràwọ̀ kékeré tí lẹ́tà wà láàárín ẹ̀, àmì iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹ ò fi rí orúkọ ọkọ̀ níwájú fìlà ẹ̀ náà. Àwọn tó ń de ríbọ́ọ̀nù mọ́ fìlà pàápàá, H.M.S. nìkan ni wọ́n ń kọ sí i nígbà ogun, wọn ò ní kọ orúkọ ọkọ̀, kí amí má baà mọ ọkọ̀ tó wà létíkun.

LX náà ò parọ́. L ni ti sítíwọ́ọ̀dù àti kúùkù, X ni wọ́n ń fi kún un fún àwọn tó wọṣẹ́ láti ìparí 1925. Lẹ́tà tó parẹ́ yẹn ni bárékè tí orúkọ ẹ̀ wà: D fún Devonport, P fún Portsmouth, C fún Chatham. E wà náà, ti àwọn ọmọ Malta, wọ́n pọ̀ nínú iṣẹ́ sítíwọ́ọ̀dù yẹn gan-an.

Alákọsílẹ̀
Ọ̀rọ̀ orúkọ tí ẹ ò rí yẹn, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè rárá. Mẹ́dàlì ogun Káísà, ìyẹn ti 1914 sí 1918, wọ́n kọ orúkọ àti nọ́ńbà sétí ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di ti Hítílà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò kọ nǹkan kan, bí wọ́n ṣe rọ ọ́ náà ni wọ́n ṣe pín in, Australia àti South Africa ló kọ orúkọ sí tiwọn. Nítorí náà irin yẹn fúnra ẹ̀ ò lè jẹ́rìí pé ta ló ni ín, ìwé ló máa jẹ́rìí. Tí bàbá bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ọdún 15 kó sì gba ti Long Service and Good Conduct, ìyẹn nìkan lẹ máa rí orúkọ àti ọkọ̀ létí ẹ̀.

Nǹkan míì tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé wọn ò kàn fi mẹ́dàlì wọ̀nyí ránṣẹ́ sílé fún ará nẹ́fì bẹ́ẹ̀, òun ló máa kọ̀wé béèrè, wọ́n á wá fi páálí kékeré rán an nínú póòsì. Ọ̀pọ̀ ò béèrè láéláé, ogun ti sú wọn. Bàbá yín béèrè tiẹ̀, nítorí náà tí páálí yẹn bá ní àdírẹ́sì tàbí ìwé kékeré kan nínú ẹ̀ ẹ má sọ ọ́ nù, òun ló so irin mọ́ èèyàn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka èyí tó wà ńlẹ̀. 1939-45 Star, oṣù 6 lójú omi níbi tí ogun wà ló fi gbà á. Ẹ̀yìn tó bá ti gba ìyẹn ni oṣù 6 míì lórí Àtìláńtíìkì tó lè fún un ní Atlantic Star, wọ́n sì ka àwọn tó ń sin ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Rọ́ṣíà mọ́ Àtìláńtíìkì. Irin France and Germany yẹn ni ó dùn mọ́ mi jù, torí òfin wọn ni pé ẹni kan ò lè gba Atlantic Star àti France and Germany Star pọ̀, èyí tó bá kọ́kọ́ tọ́ sí i ló máa gbà, èkejì á di irin tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ríbọ́ọ̀nù. Ó túmọ̀ sí pé láàárín 6 June 1944 àti May 1945 bàbá wà lórí omi nítòsí Faransé tàbí Bẹ́ljíọ̀mù tàbí Họ́láńdì, ó sì bá a mu nítorí Onslow wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí Normandy. Èyí roboto ni War Medal, ọjọ́ 28 péré ni wọ́n béèrè, tí ẹ bá wò ó dáadáa kìnnìún yẹn dúró lórí dírágónì olórí méjì.

Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n á ní Defence Medal dà. Kì í sábà sí lára ti ẹni tó lo ogun lórí omi, torí ti àwọn tó ṣiṣẹ́ níbi tí ìjà ò sí ni.

Ọmọ_ÌsàlẹẸ̀kó
Ẹ má tà á o jàre! Mẹ́dàlì mẹ́ta yẹn ní òun nìkan, owó táṣẹ́rẹ́ ni àwọn oníṣòwò máa fún yín torí kò lórúkọ, wọ́n pọ̀ lọ́jà bíi rẹ́rẹ. Ẹ ẹ̀ tiẹ̀ gbọdọ̀ fi Brasso nù ún. Dúdú tó dú yẹn ló fi dàgbà.

ÌyáÌbejì_Kent
Ọlọ́run ló yọ mí, ọkọ mi ti ń wá Brasso. 😂 Ẹ ṣé gan-an. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun rí pé bàbá náà ṣiṣẹ́ lórí HMS Victory, ọkọ̀ Nelson, ọ̀gá nẹ́fì Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, n ò mọ bóyá àwàdà ni.

BàbáTáíwò_Portsmouth
Kì í ṣe àwàdà, kì í sì í ṣe òótọ́ pátápátá. Ẹgbàágbèje ìdílé ló ń sọ ọ́. Orúkọ bárékè nẹ́fì ní Portsmouth nígbà yẹn ni HMS Victory, ẹni tó bá ń dúró de ọkọ̀ tuntun tàbí tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ sí. Ti Devonport ni Drake, ti Chatham ni Pembroke. Ilé bíríkì ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tókè òkun: tí ẹ bá rí HMS Nile, Alexandria ní Íjíbítì ni, tí ẹ bá rí HMS Eland, Freetown ni, Ṣàró tiwa níbẹ̀ yẹn, ibi tí àwọn destroyer ti ń gba epo kí wọ́n tó sin ọkọ̀ akẹ́rù padà sí Ìlú Ọba. Ẹ má fi orúkọ nìkan ṣèdájọ́, ọjọ́ tó dé àti ọjọ́ tó kúrò ni kí ẹ máa wò. Ìwé tó ní gbogbo ẹ̀ lórí ni Certificate of Service, bébà líle ńlá kan tí wọ́n ká, wọ́n ń fún un ní ọwọ́ ẹni tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi ìyá ọkọ yín dáadáa, wọ́n sábà máa ń kó o sáàárín ìwé ilé àti ìwé ìsìnkú. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ á ti kọ V.G. síbẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn ni pé ìwà ẹ̀ dára gan-an.

Tí ẹ ò bá rí i, ìjọba ní ẹ̀dà fáìlì ẹ̀. Wọ́n ti ń kó fáìlì àwọn ológun àtijọ́ kúrò lọ́wọ́ Ministry of Defence lọ sí National Archives ní Kew láti 2022, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wò lórí ìkànnì ìjọba ibi tí ti nẹ́fì wà lọ́wọ́ yìí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Alákọsílẹ̀
Kí n fi kún un: kẹ́ ẹ má lọ Kew lọ máa wá lọ́ọ̀gì Onslow, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìn ọkọ̀ sí lójoojúmọ́, ti destroyer ìgbà ogun yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́, ti ọkọ̀ ńláńlá ni wọ́n tọ́jú. Ìròyìn tí kápúténì kọ lẹ́yìn ìrìn àjò àti ti ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù ni kẹ́ ẹ wá, ADM 199 ni wọ́n kó wọn sí.

BàbáTáíwò_Portsmouth
Mo gbàgbé ìbéèrè tó ṣe kókó jù, iṣẹ́ sítíwọ́ọ̀dù. Nígbà tí ọ̀tá ò sí nítòsí, bẹ́ẹ̀ ni, á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ́físà, á lọ aṣọ, á fọ abọ́, á gbé oúnjẹ. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ́ destroyer ayé ìgbà yẹn: kíṣìnì wà lápá iwájú, yàrá ìjẹun àwọn ọ́físà wà lẹ́yìn pátápátá, kò sì sí ọ̀nà tí wọ́n bò láàárín méjèèjì. Orí dẹ́ẹ̀kì gbalasa ni sítíwọ́ọ̀dù máa gbé ọbẹ̀ gbà, ọwọ́ kan di àwo mú, ọwọ́ kejì di okùn tí wọ́n ta sílẹ̀ kí ìgbì má baà gbá a lọ, kó tó débẹ̀ omi òkun ti bá wọn jẹ nínú ọbẹ̀. Lóru wọ́n á tún gbé kókó lọ fún àwọn tó wà lórí bíríìjì, kókó líle tí wọ́n fá, tí wọ́n fi omi gbígbóná pò títí tó fi ki. Láti ìparí 1939 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ń ra gbogbo kókó Nàìjíríà àti Gold Coast, nítorí náà kò lè má sí oko bàbá ẹnì kan l'Óǹdó nínú kọ́ọ̀pù yẹn.

Tí agogo ìjà bá ti dún, kò sí ọ̀rọ̀ abọ́ mọ́. Àwọn míì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ọta nísàlẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n máa gbé ọta sókè fáwọn oníbọn. Ti ìbọn 4.7-inch tí Onslow ní wúwo tó kílò 22 ó lé, kò jìnnà sí ìdajì àpò sìmẹ́ńtì, ẹ wá máa gbé ìyẹn léraléra nígbà tí ilẹ̀ ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín, wọ́n sì ti ti ọmọrí ilẹ̀kùn lé yín lórí, torí tí iná bá ráàyè débi ẹ̀tù, omi ni wọ́n máa ṣí wọ ibẹ̀ kí gbogbo ọkọ̀ má baà fọ́. Àwọn míì ń lọ ran dókítà lọ́wọ́. Yàrá ìjẹun ọ́físà yẹn náà ló ń di ilé ìwòsàn, tábìlì tí sítíwọ́ọ̀dù tẹ́ aṣọ lé láàárọ̀ ni wọ́n máa tẹ́ ẹni tó gbọgbẹ́ sí lọ́sàn-án.

Àdìó_Newcastle
Ẹ wò ó, tẹ́nikẹ́ni bá tún sọ pé agbáwo lásán, ẹ bi í pé ṣé ó mọ Tommy Brown. Ọmọ North Shields níbí ni, kì í tiẹ̀ í ṣe sítíwọ́ọ̀dù, ọmọ NAAFI ni, àwọn tó ń ta sìgá àti ṣokoléètì nínú ọkọ̀, sìfílíà ni wọ́n. Ó parọ́ ọjọ́ orí kí wọ́n tó gbà á. Nínú destroyer HMS Petard ló wà ní October 1942, ní ìlà oòrùn Mẹditaréníà, nígbà tí wọ́n fi bọ́ǹbù lé U-559, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì, yọ sókè lálẹ́. Ọ́físà kan, Anthony Fasson, àti atukọ̀ Colin Grazier lúwẹ̀ẹ́ lọ wọnú ẹ̀, ọkọ̀ ń rì o, wọ́n ń kó ìwé àṣírí, Tommy dúró lórí àkàbà ó ń gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ń gbé e fún àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójijì ni nǹkan yẹn bá omi lọ pẹ̀lú àwọn méjèèjì, Tommy nìkan ló bọ́. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń tú àṣírí ọ̀tá ní Bletchley tún lè máa ka ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń fi Enigma, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ di àdììtú, ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n fún àwọn méjì tó kú ní George Cross, wọ́n fún Tommy ní George Medal, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ọmọ ọdún 16 ni, ni wọ́n bá dá a padà sílé. Ó kú ní 1945 níbi tó ti ń gbìyànjú láti yọ àbúrò ẹ̀ obìnrin nínú iná tó ń jó ilé wọn. Wọn ò sì lè sọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn fún ayé gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Dúró_Houston
Ẹ̀gbọ́n Àdìó, ẹ mú omijé wá sójú mi láàárọ̀ yìí. Ní Amẹ́ríkà níbí ọ̀rọ̀ sítíwọ́ọ̀dù tún nípọn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí títí di June 1942 iṣẹ́ kíṣìnì àti ti agbáwo nìkan ni nẹ́fì ń gba ọmọ dúdú tuntun sí. Charles Jackson French ni kẹ́ ẹ kà nípa ẹ̀, agbáwo ni lórí USS Gregory, destroyer àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọkọ̀ akó-sójà. Nígbà tí àwọn Jàpáánù rì í nítòsí Guadalcanal ní September 1942, ó so okùn mọ́ ìdí, ó wọ́ àwọn 15 tó fara pa lórí ráàfù nínú omi tí yanyan wà, lóru mọ́jú. Lẹ́tà oríyìn ni wọ́n fún un. Lẹ́tà! Ó kú ní 1956, ọdún 2022 ni wọ́n tó fi Navy and Marine Corps Medal dá a lọ́lá, 2024 ni wọ́n wá kéde pé destroyer tuntun kan máa jẹ́ orúkọ ẹ̀.

Ẹni tó bá ní ti Amẹ́ríkà láti wá, St. Louis ni fáìlì wà. Wọ́n á sọ fún yín pé iná jó o ní 1973, àwọn ti sójà àti ti àwọn ológun òfuurufú ló jó, ti nẹ́fì ò sí níbẹ̀. Mẹ́dàlì tiwọn ò ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ fún ìjà kọ̀ọ̀kan, ìràwọ̀ bàbà kékeré ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ríbọ́ọ̀nù, tó bá pé márùn-ún wọ́n á fi fàdákà kan rọ́pò ẹ̀.

Ọmọ_ÌsàlẹẸ̀kó
Tèmi ńkọ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá ìyá mi ṣe sítíwọ́ọ̀dù nínú ọkọ̀ Elder Dempster láti Èkó sí Liverpool nígbà ogun yẹn, ọkọ̀ akérò ni kì í ṣe ọkọ̀ ogun, a ò rí mẹ́dàlì kankan.

Alákọsílẹ̀
Ó tọ́ sí i tó bá pé àkókò. Ọkọ̀ Elder Dempster kò kéré lára èyí tí àwọn Jámánì rì, ẹ wo Abosso ní October 1942, àwọn Apapa ní 1940. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ oníṣòwò náà ń gba 1939-45 Star, Atlantic Star àti War Medal, àmọ́ ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, ẹ má lọ bá ọ́fíìsì mẹ́dàlì àwọn ológun. Àwọn tó ń mójútó atukọ̀ oníṣòwò wà ní Cardiff. Kẹ́ ẹ tó kọ̀wé sí wọn, ẹ tẹ orúkọ bàbá wò lórí ìkànnì National Archives, nínú BT 395, àwọn tó béèrè mẹ́dàlì wọn wà níbẹ̀. Ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà kọ orúkọ náà o, àwọn akọ̀wé ọkọ̀ yẹn ò ní sùúrù fún orúkọ Yorùbá, ẹlòmíì jẹ́ Tom Lagos lọ títí tó fi fẹ̀yìn tì.

ÌyáÌbejì_Kent
Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìyá ọkọ mi rí bébà líle yẹn, inú àpò ìwé ilé ló wà bí Bàbá Táíwò ṣe sọ. V.G. kún ibẹ̀. Ó kọ pé October 1942 ló wọ Onslow, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1944. Kí nìyẹn sọ?

Alákọsílẹ̀
Háà. Ó sọ nǹkan púpọ̀, ẹ jókòó.

31 December 1942, òkun Barents, òkè Norway pátápátá, àárín ọ̀sán níbẹ̀ bí ìrọ̀lẹ́ ló rí lásìkò yẹn. Onslow ló ṣáájú àwọn destroyer tó ń sin ọ̀wọ́ JW 51B, ọkọ̀ akẹ́rù 14 ló gbéra nínú ẹ̀, ẹrù ogun ni wọ́n ń kó lọ fún Rọ́ṣíà. Àwọn Jámánì wá bá wọn pẹ̀lú Hipper àti Lützow, ọkọ̀ tí ìbọn ẹ̀ ga ju ti destroyer lọ fíìfíì, àwọn destroyer tiwọn náà tẹ̀ lé wọn. Kápúténì Onslow, Robert Sherbrooke, ń yí ọkọ̀ ẹ̀ sí Hipper bí ẹni pé ó fẹ́ ju tọ̀pídò, bọ́ǹbù tó ń gba abẹ́ omi lọ bá ọkọ̀, kò jù ú, torí tó bá ti jù ú tán ẹ̀rù ò ní bà wọ́n mọ́, gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ Hipper á yà sẹ́yìn. Ó ṣe é títí ọta fi balẹ̀ sórí Onslow, ìbọn méjì iwájú dákẹ́, iná sọ, ojú Sherbrooke kan lọ, ó sì dúró síbẹ̀ ó ń pàṣẹ, ìgbà tí wọ́n tún yin ọkọ̀ ẹ̀ ló tó gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Nǹkan bíi 40 èèyàn ló kú tàbí tó fara pa nínú Onslow nìkan. Destroyer Achates rì. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú ọkọ̀ akẹ́rù tí àwọn Jámánì rì, Sherbrooke gba Victoria Cross, mẹ́dàlì ìgboyà tó ga jù lójú ogun láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Hítílà bínú dé ibi pé ó ní kí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ ogun ńlá ẹ̀ dà sí pàǹtí, ọ̀gá nẹ́fì ẹ̀, Raeder, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Tí October yẹn bá jẹ́ òótọ́, bàbá yín wà nínú ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, bóyá ní yàrá ọta, bóyá lọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tí ìjọba jẹ ẹ́ wá nìyí: Arctic Star. Wọn ò ṣe é fún àwọn tó lọ sí Rọ́ṣíà títí di ìparí 2012, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in ní 2013 ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, ìwà tí kò dáa ni lójú tèmi. Kò béèrè oṣù mẹ́fà, kí ó sáà ti ṣiṣẹ́ ogun ní òkè Arctic Circle ni. Gbígba Atlantic Star ò dí i lọ́wọ́. Ẹbí lè gbà á lórúkọ olóògbé láti Medal Office, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó súnmọ́ bàbá jù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọkọ yín àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó fẹ́ tà á yẹn ti jọ fẹnu kò. Ẹ fi ẹ̀dà bébà líle yẹn sí i, ẹ má fi ojúlówó ránṣẹ́.

ÌyáÌbejì_Kent
Mo ka èyí sókè fún wọn nílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ títà mọ́. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, àdúrà yín á gbà. Ìbéèrè kan ló kù: iléèwé àwọn ìbejì máa tò lọ sí ibi ìrántí ní November, ṣé ọ̀kan nínú wọn lè so ó mọ́ àyà?

BàbáTáíwò_Portsmouth
Ó lè so ó, àyà ọ̀tún o. Ẹni tó gbà á fúnra ẹ̀ ló ń so ó sí òsì. Ẹ ní kẹ́ni tó mọ̀ ọ́n rán gbogbo ẹ̀ mọ́ páálí líle kan kó tó fi pín-ìn kọ́ ọ, ìràwọ̀ yẹn wúwo fún kóòtù ọmọdé, ó máa ya aṣọ. Ibejì sì ni wọ́n, ẹ tètè pinnu ẹni tó máa so ó lọ́dún yìí àti ẹni tó máa so ó lọ́dún tó ń bọ̀ kí ìjà má ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.